Àlékún Tó Wà Nínú Àkámọ́

Ní Lotto, ní Mowe, ní ọdún 2006, bí ènìyàn bá ní aṣọ tí kò fẹ́ kó bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Nàfísàt ló ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni tirẹ̀, ó kọjú sí òpópónà márosẹ̀, eruku àwọn ọkọ̀ ńláńlá sì ń wọlé kí i láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ kò jọ ibi tí nǹkan dáradára ti lè jáde rárá. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti ọwọ́ obìnrin náà bọ́, bó ṣe yẹ kó jókòó lára ni yóò ṣe jókòó. Kò ní fún jù, kò sì ní fẹ̀ jù. Ìyàwó àfáà àti ìyàwó pásítọ̀ jọ ń dúró de ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń wo àwòrán àrà aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọn kì í sì í bá ara wọn jiyàn nípa nǹkan kan ju ọrùn aṣọ lọ.

Sọ̀fíyátù ni orúkọ rẹ̀. Ìkirè ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lára tó bá a dé Mowe. Ó wà ní ọ̀dọ́mọdébìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò pè é síwájú pé kó wá ṣe iṣẹ́ kan lórí pátákó. Ọmọ náà dúró, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, òógùn sì ń rin ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, tíṣà náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá wò ó nílé ẹ̀kọ́, tíṣà sọ fún un láìfi bò pé orí ọmọ yìí kò gba ìwé, kó yáa wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Bàbá tó gbọ́ irú èyí lẹ́nu tíṣà láyé ìgbà yẹn, kí ló tún kù tó fẹ́ wádìí? Kò pẹ́ tí Sọ̀fíyátù fi bá ara rẹ̀ lábẹ́ ìyá aránṣọ kan, tó ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

Kí a sọ òtítọ́, iṣẹ́ aránṣọ bá a lára mu. Ó gba fìríìdọ̀ọ̀mù, ó fẹ́ Mùsáfírù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣe wẹ́dà, wọ́n sì jọ kó wá sí Mowe nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Yàrá méjì ni wọ́n gbà. Ọkọ ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàfò, ìyàwó ń rán aṣọ ní Lotto, Ọlọ́run sì fún wọn ní Nàfísàt. Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí Nàfísàt bá ti mú iṣẹ́ àṣetiléwá dé, tó sì ní, "Màámi, ẹ wo èyí fún mi," ara ìyá rẹ̀ á bù máṣọ. Yóò ní kí ọmọ náà lọ bá ará ilé kejì. Yóò wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò máa wa ẹsẹ̀ rẹ̀ kíkan ju bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọdé bá ti lọ, ibẹ̀ a máa di ti àwọn àgbà tó fẹ́ parí ìwé tí wọ́n já jù sílẹ̀. Ìran ni o. Orí bẹ́ǹṣì tí káfíńtà kàn fún àwọn ọmọ kéékèèké ni Ṣàkírù bíríkìlà ń jókòó lé, orúnkún rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kíláàsì méjì ló wà: ti ìpìlẹ̀, àti ti àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò gbígba sátífíkéètì. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìṣirò kan tí wọ́n ń gbé wá láti Owódé Ẹ̀gbá. Ohun tí Sọ̀fíyátù ń fẹ́ ni sátífíkéètì yìí, kó lè lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ìránṣọ nínú kíláàsì tó ní fèrèsé. Èyí ni ohun tó sọ fún àwọn ènìyàn. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni tíṣà Ìkirè sọ.

Mùsáfírù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò rí ìdí tí aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ báyìí yóò fi lọ máa jókòó síwájú pátákó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n sì fẹnu kò: kó lọ, kó ṣe ìdánwò Owódé yìí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yege, kó máa lọ. Bó bá kùnà, kó fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn oníwèé, kó má sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Sọ̀fíyátù gbà. Òun náà ti sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun bá kùnà, a jẹ́ pé òótọ́ ni, òun ó sì gba kádàrá.

Rosemary ni olùkọ́ wọn ń jẹ́. Ọmọ ìdílé onígbàgbọ́ kan tó ṣí wá láti Èkó ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, kò sì tíì lọ́kọ. Nínú kíláàsì, Sọ̀fíyátù á dìde kí i, á pè é ní Àǹtí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lójú títì, Rosemary ló ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Nàfísàt. Àwọn tó ń wò wọ́n kò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì dà àwọn fúnra wọn láàmú.

Ọjọ́ tí Rosemary kọ x sójú pátákó, tó ní nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀ ni èyí dúró fún, Ṣàkírù bíríkìlà béèrè pé kí ló dé tí wọn kò dúró títí wọn ó fi mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ x. Oníbàárà tó fi aṣọ rán ọmọ wá, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wá kí wọ́n wọn òun, ẹni yẹn ni x. Aránṣọ kì í tìtorí ìyẹn káwọ́ gbera. Yóò ti mọ̀ pé bó bá ṣe wù kí àyà oníbàárà náà tó, òun ó pín in báyìí, òun ó fi èyí kún un, apá yóò jẹ́ méjì. Iṣẹ́ ti ń lọ, ẹni tí a ń ṣe é fún kò sì tíì dé. Inú Sọ̀fíyátù dùn sí x gidigidi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn tó bá jọra jọ, ó kó wọn jọ bí ẹni ń ṣa àǹkárá sọ́tọ̀, tó ń ṣa léèsì sọ́tọ̀: x mẹ́ta pẹ̀lú x méjì jẹ́ x márùn-ún, nọ́ńbà lásán sì wà láyè tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi àkámọ́, tí Rosemary ní ìlọ́po tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kan gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, ìyẹn náà yé e. Wọ́n máa ń pè é síwájú, yóò ṣe é, yóò sì jókòó.

Àfi ibì kan. Bí wọ́n bá kọ (x + 6) ÷ 2, ìdajì x ni Sọ̀fíyátù máa ń kọ, yóò wá fi odindi mẹ́fà kún un. Rosemary fa pupa sí i. Ó ṣàlàyé pé àtèyí àtọ̀hún ni wọ́n ń pín. Sọ̀fíyátù ní ó ti yé òun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pín x, ó fi mẹ́fà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó mọ òfin náà sórí, ó lè kà á bí ẹni ń ka Fátíà, ṣùgbọ́n bó bá ti mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìdánwò sì ń bọ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó rò ó pé bóyá ohun tí tíṣà Ìkirè rí nìyí, pé ibì kan wà nínú orí òun tó dí, tí nǹkan kò lè gbà wọlé.

Rosemary kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣi oríṣiríṣi nǹkan ṣe lè jẹ́ aláìfọkànsí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣi ohun kan ṣoṣo ṣe, lọ́nà kan ṣoṣo, nígbà gbogbo, ibì kan ló ti kọ́ ọ. Ó ń rò ó bẹ́ẹ̀ lọ ni, títí ó fi gbé aṣọ kan wá sí Lotto ní ọjọ́ Sátidé pé kí Ìyá Nàfísàt bá òun rán an fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Sọ̀fíyátù fi téèpù yí i ká. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ogún ínǹṣì. Ó ká aṣọ náà sí méjì lórí tábìlì, ó tẹ́ ẹ kó dán, ó fa ìlà sí ibi ínǹṣì mẹ́wàá, ó sì tún sún síwájú ní odindi ínǹṣì kan fún àlékún ẹ̀gbẹ́ tí abẹ́rẹ́ yóò gbà kó tó mú sísọ́ọ̀sì. Rosemary na ọwọ́, ó dá a dúró, ó béèrè pé kí ló dé tó pín ogún sí méjì ṣùgbọ́n tí kò pín ínǹṣì àlékún yẹn.

Sọ̀fíyátù wò ó bí ẹni pé ó ní kó fi òróró fọ aṣọ. Ó sọ fún un pé ẹnìkan kì í pín àlékún. Ó ní òun pín in rí, nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òun rò pé gbogbo ohun tó bá ti wà lórí aṣọ tí wọ́n ká ló yẹ kó di ìdajì. Bùbá ìyàwó ìmáàmù ni. Nígbà tí obìnrin náà gbé e wọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya fàààà lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá òun kò fún òun ní oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì jẹ́ kí òun máa sọ ọ́ léraléra, bí òun ti ń gbálẹ̀: ara ni ká pín, ká má pín àlékún, ara ni ká pín, ká má pín àlékún.

Rosemary jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Nàfísàt, ẹ ò ṣìṣe o. Ẹ̀yin ń ká aṣọ ná, lẹ́yìn náà lẹ tó wá ń fi àlékún sí i. Ẹni tó kọ ìṣirò yẹn, ó ti fi àlékún tiẹ̀ sí i kó tó ká a."

Ó mú bébà kan nílẹ̀ tí Sọ̀fíyátù fi ń gé bátànì. Ó ní kí Sọ̀fíyátù pè é ní x. Ó ní kó gé àlékún ínǹṣì mẹ́fà, kó fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn méjèèjì di ẹyọ bébà kan. Sọ̀fíyátù ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà Rosemary ní kó ká àlékún náà láàárín, kó sì ká x pẹ̀lú, torí pé ẹni tó ní kí wọ́n ká bébà yìí sí méjì kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Sọ̀fíyátù ká a. Ó fi téèpù wọn àlékún tó ti ká. Mẹ́ta.

Ó tú u. Ó tún un ká. Mẹ́ta.

"Àkámọ́ yẹn," Rosemary wí, "òun ló ń sọ fún yín pé wọ́n ti so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó dé."

Ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, ẹnì kan ń kí wọn láti ìta, Sọ̀fíyátù kò gbọ́. Ó ń wo bébà náà. Gbogbo ìgbà tó ti ń rí àkámọ́ lórí pátákó, ìlà wíwọ́ méjì lásán ló kà á sí, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn oníwèé fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ó wá rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan tí kò mọ̀, tí kò tíì dé Mowe rí, bóyá tó ti kú tipẹ́, fẹ́ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé iṣẹ́ kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ kejì, kó má ṣe ṣì í tò. Kò lè wà níbẹ̀ láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ló bá fi ìlà wíwọ́ méjì sílẹ̀. Ìlà náà sì sọ ọ́ láìṣì. Omi yọ lójú Sọ̀fíyátù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ní eruku títì ni, Rosemary sì ṣe bí ẹni pé ó gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún ṣì í mọ́. Bó bá rí àkámọ́, á béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ló gbé ìwé wá láti Owódé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ ju ohun tó yẹ lọ. Ó pín ìwé ìbéèrè, ó jókòó síwájú, ó sì gbé aago rẹ̀ sórí tábìlì. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n sọ (2x + 10) ÷ 2 + 3(x + 1) di kékeré.

Sọ̀fíyátù kà á lẹ́ẹ̀kan. Àkámọ́ ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n ti so 2x mọ́ mẹ́wàá kí òun tó dé, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni kíká yóò kàn. Ìdajì 2x jẹ́ x, ìdajì mẹ́wàá jẹ́ márùn-ún. Ó kọ x + 5. Àkámọ́ kejì: ìlọ́po mẹ́ta yóò kan gbogbo ará ilé. Ó kọ 3x + 3. Ó wá kó x jọ sọ́dọ̀ x, ó kó nọ́ńbà jọ sọ́dọ̀ nọ́ńbà. X kan pẹ̀lú x mẹ́ta jẹ́ mẹ́rin. Márùn-ún pẹ̀lú mẹ́ta jẹ́ mẹ́jọ. Ó kọ 4x + 8, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Rosemary ti kọ́ wọn pé bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n mú nọ́ńbà kan fi sípò x láti mọ̀ bóyá kò sí àṣìṣe. Sọ̀fíyátù mú ení. Ó ṣe ti òkè: méjì pẹ̀lú mẹ́wàá jẹ́ méjìlá, ìdajì rẹ̀ mẹ́fà, ení pẹ̀lú ení jẹ́ méjì, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ méjìlá. Ó ṣe ti ìsàlẹ̀: mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́jọ, méjìlá. Wọ́n bára mu. Ó yẹ kó kọjá sí ìbéèrè kejì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́n yóò ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ení kéré, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó mú márùn-ún. Ti òkè fún un ní méjìdínlọ́gbọ̀n, ti ìsàlẹ̀ fún un ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó mú mẹ́wàá. Méjìdínláàádọ́ta lókè, méjìdínláàádọ́ta nísàlẹ̀. Irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó mú ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ó mú, tí kò sí nínú ìbéèrè náà rárá. Ó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ìwé bí ẹni ń bo iná fìtílà. Irínwó ó lé mẹ́jọ lókè. Irínwó ó lé mẹ́jọ nísàlẹ̀.

Ta ló sọ fún wọn? Ìyẹn ni ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí Owódé béèrè. Ta ló ti pe ọgọ́rùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní bí obìnrin kan bá pè ọ́ lónìí ní Mowe, báyìí ni kó o jẹ́ ẹ? Ó ronú kan àwọn nọ́ńbà tó pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni tíì kà rí lọ, àwọn tí kò ní orúkọ, tí ayé yóò parí kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn náà ti gbà. Gbogbo wọn ti fẹnu kò láìṣe ìpàdé. Òun, Sọ̀fíyátù, sì ti kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú bírò, ní ìlà kan péré. Ó ní "Súbúhánálláhì" lábẹ́ ètè, ó sì tún mú nọ́ńbà mìíràn, kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì mọ́, ó kàn fẹ́ tún rí i ni.

Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ní kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀ ló tó rántí pé ìbéèrè kù.

Rosemary bá a níta, ó ti rí ìwé rẹ̀. Ó fajú ro. Ó béèrè ohun tó dá a dúró sórí ìbéèrè kan, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ìyókù ló mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mò ń wò ó bóyá ó máa yẹ̀, Àǹtí."

"Ṣé ó yẹ̀?"

"Kò yẹ̀ o. Kò yẹ̀ rárá."

Rosemary ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní nǹkan yìí láti ọdún mélòó kan, ó sì rántí pé nígbà kan, nígbà tó wà ní kékeré, òun náà dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ó di Ìyá Nàfísàt lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn dé ẹnu géètì.

Èsì jáde. Ṣàkírù bíríkìlà yege, ó ń fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì. Sọ̀fíyátù kùnà. Wọ́n ní kó padà sí kíláàsì ìpìlẹ̀, bó bá ṣì fẹ́ máa bọ̀. Bó ṣe ń rìn lọ sílé, ó ń dúró de ìrora tó mọ̀, èyí tó ti ń bá a gbé láti Ìkirè. Kò dé. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ẹni tí orí rẹ̀ dí kò lè rí ohun tí òun rí lọ́jọ́ náà, èyí dá a lójú ju máàkì ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ń dùn ún báyìí ni pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Mùsáfírù wà níwájú ilé, ó ń jẹ ẹ̀pà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ èsì náà fún un láìfi bò. Ọkọ rẹ̀ kò yọ̀ ọ́. Ó ní ó ti gbìyànjú, ó ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ, kó gbàgbé rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn gbájú mọ́ ohun tí àwọn mọ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá Nàfísàt," ó wí. "Àmọ́ kí n tó pa á dé, ẹ bá mi mú nọ́ńbà kan. Èyíkéyìí tó bá wù yín."

Mùsáfírù wò ó. Ó mú méje, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Sọ̀fíyátù yọ ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ lápò, ó kọ ìṣirò òkè àti ti ìsàlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, ó sì ń ṣe é lójú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ibi tí wọ́n ti ká, ibi tí wọ́n ti kó jọ. Mẹ́rìndínlógójì lókè. Mẹ́rìndínlógójì nísàlẹ̀. Mùsáfírù ní ó ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó mú ogójì. Wọ́n tún bára mu. Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Wẹ́dà ni, ó mọ̀ pé kò sí irin méjì tí ènìyàn gé tí wọn kì í fi ìwọ̀nba díẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó ronú ibi tí yóò ti mú un, ó ní ìdajì ńkọ́, ìdajì ení, kó fi ìyẹn síbẹ̀. Ẹ̀rù ba Sọ̀fíyátù díẹ̀, nítorí kò tíì dán ìdajì wò. Ó ṣe é. Mẹ́wàá lókè. Mẹ́wàá nísàlẹ̀.

Mùsáfírù sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó lóṣòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Bí kò bá wá sí nǹkan kan rárá ńkọ́? Òfo."

Sọ̀fíyátù fi òfo síbẹ̀. Òfo pẹ̀lú mẹ́wàá jẹ́ mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ márùn-ún. Òfo pẹ̀lú ení jẹ́ ení, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́jọ. Nísàlẹ̀, òfo ní ìlọ́po mẹ́rin, òfo náà ni, mẹ́jọ sì dúró níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́jọ.

Ẹnu ya ọkùnrin náà débi pé kò rántí pa á dé. Ó fi ìka tọ ipa ṣọ́ọ̀kì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì béèrè pé ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Sọ̀fíyátù ní òun kò mọ̀, pé ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wà.

Aládùúgbò kan kọjá, ó kí wọn, ó tún bojú wẹ̀yìn wo àgbàlagbà méjì tó lóṣòó síwájú ilé bí ọmọdé. Mùsáfírù gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Kíláàsì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ní kó o padà sí yẹn," ó wí, "ṣé wọ́n ṣì ń gba ènìyàn kan sí i?"

Sọ̀fíyátù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mi orí, ó sì sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé.